Ìdí Ọkọ̀ Ìyá Ìbejì

Agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ti lé díẹ̀, lọ́jọ́ Jímọ̀. Àwa mẹ́ta la wà ní pálọ̀ mi n'Íwòpin: èmi, ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi, àti obìnrin ayàwòrán kan tó ń kọ́ni ní Àgọ́-Ìwòyè. Ìyàwó mi ti kú nígbà náà, a ti ṣàdúà ọjọ́ ogójì rẹ̀. Ọkọ̀ tó fi ń pẹja ṣì wà lójú ọ̀sà, níbi tó so ó mọ́ gbẹ̀yìn. Mi ò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Bí mo bá jí tí mo rí i, ó máa ń ṣe mí bíi pé ìyàwó mi máa tó wá tú okùn rẹ̀.

Ayàwòrán yìí ti ń jókòó sétí omi láti bí ọ̀sẹ̀ kan, ó ń fi ọ̀dà ya ọkọ̀ náà. Ohun tójú rẹ̀ bá rí nìkan ló ń yà, kì í fi kún un. Nígbà tó ṣí aṣọ lójú àwòrán, omi pa rọ́rọ́ níbẹ̀. Àwọ̀n wà níbẹ̀, àjẹ̀ wà níbẹ̀, títí kan ibi tí mo fi páànù lẹ̀ lára pákó. Mo ń yìn ín lọ́wọ́ ni ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi já lu ọ̀rọ̀ mi.

“Bàbá Ìbejì, ta ló jókòó sínú ọkọ̀ yìí?”

“Kò sẹ́nì kankan, Àǹtí. Àbí ojú yín ti ń ṣe bàìbàì ni?”

“Ẹ fi ojú tiyín tó dáa wo ìdí rẹ̀.”

Mo wò ó. Ìdí ọkọ̀ rì wọ omi, imú rẹ̀ gbé sókè. Ọkọ̀ òfìfo kì í dúró bẹ́ẹ̀. Bó ṣe máa ń dúró nìyẹn nígbà tí ìyàwó mi bá jókòó sídìí rẹ̀ tó ń kó àwọ̀n.

“Omi ló wọ̀ ọ́,” mo ní.

“Mo yẹ inú rẹ̀ wò, sà,” ayàwòrán dáhùn. “Ó gbẹ. Bí mo ṣe rí i ni mo ṣe yà á.”

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ní nílé tiwọn, ọkọ̀ apẹja tó bá kú kì í sùn lórí omi. Wọ́n á fà á gòkè, wọ́n á dojú rẹ̀ dé, kí ẹni tó ni ín lè mọ̀ pé iṣẹ́ ti parí. “Ẹ̀yin lẹ ò jẹ́ kó sinmi. Ṣé kó máa pẹja títí ni?”

Mo ti dàgbà kí n tó kàwé, mo sì fẹ́ràn kí n máa fi ìwé náà dáni lóhùn. Lọ́jọ́ yẹn, mo kàn fa aṣọ bo àwòrán náà padà.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, mo sọ̀kalẹ̀ lọ sétí omi. Kò sí afẹ́fẹ́ rárá. Ìdí ọkọ̀ náà ṣì rì. Mo wọ omi dé orúnkún, mo na ọwọ́ síbẹ̀ bí mo ṣe máa ń nà án sí ìyàwó mi tó bá ti ọ̀sà dé, tó ti rẹ̀ ẹ́. Mo ní, “Ó tó, Ìyá Ìbejì. Sọ̀kalẹ̀.”

Mo dúró. Ọkọ̀ náà mì díẹ̀, ìdí rẹ̀ gbé sókè, ó sì tẹ́ pẹrẹsẹ lójú omi. Mo tú okùn, mo fà á gòkè, mo dojú rẹ̀ dé.