Ẹ Bá Mi Wò Ó

Nígbà tí bàbá mi fẹ̀yìn tì, wọ́n fi Píjò wọn fún mi, wọ́n sì bá mi ṣe àdéhùn kan ṣoṣo: n kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Ẹni tó bá ti ra ọkọ̀ rí mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn jẹ́. Ẹ́ńjìnnì tí wọn ò tíì tú rí, bó ṣe kúrò nílé iṣẹ́ ló ṣe wà. Tí wọ́n bá ti tú u lẹ́ẹ̀kan péré, ó parí nìyẹn. Gbogbo ọdún tí bàbá mi fi lo ọkọ̀ náà ni wọ́n fi ń yangàn láàárín àwọn ọ̀rẹ́ wọn pé ojú ẹnìkan ò tíì kan inú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà ò lágbára mọ́. Tí mo bá fẹ́ ya tirélà sílẹ̀ lọ́nà Auchi, àdúrà ni mo máa ń gbà. Ẹnìkan ní ọ́fíìsì wa wá sọ pé kí n yọ kabúrétọ̀ ẹlẹ́nu kan tó ń fa epo sí ẹ́ńjìnnì rẹ̀, kí n fi ẹlẹ́nu méjì rọ́pò, pé ọkọ̀ á máa fò ni. Mo ra tòkunbọ̀ kan ní Siluko Road, mo gbé e wálé bí ẹni gbé ọmọ jòjòló.

Ṣé kí n fúnra mi fi sí i ni, àbí kí n gbé e fún mekáníìkì? Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi rò ó. Ẹ̀rù àwọn mekáníìkì ń bà mí gan-an. Ẹ ní kí wọ́n yí púlọ́ọ̀gì, kí ẹ tó padà dé wọ́n á ti tú ẹsẹ̀ ọkọ̀ sílẹ̀. Mo sọ fún ìyàwó mi pé èmi fúnra mi ni màá ṣe é. Ó wò mí tìtì, ó ní, "Ìwọ tí o ò lè pààrọ̀ gílóòbù ilé ìwẹ̀." Inú bí mi. Ìbínú yẹn ni mo fi mú sípánà lọ́jọ́ Sátidé, níwájú ilé wa ní Ekenwan Road.

Mo yọ kabúrétọ̀ àtijọ́ láìsí wàhálà, orí mi wú. Àfi bí tòkunbọ̀ ò ṣe bá àyè rẹ̀ mu. Ihò bọ́ọ̀tì méjì ṣe wẹ́kú, méjì ò ṣe. Mo yí i sọ́tùn-ún, mo yí i sósì. Nígbà tí mo fẹ́ dá èyí àtijọ́ padà, n kò mọ ibi tí mo ti yọ rọ́bà tínínrín kan mọ́. Ọmọ mi obìnrin dúró tì mí, ó ní, "Daddy, e don spoil?" Sátidé tó ń bọ̀ ni bàbá mi máa wá kí wa láti Ìkàrẹ́.

Ní Mọ́ńdè, mo gbé ìgbéraga mì. Bàbá ọmọ Èkìtì kan wà ní Siluko Road, ògbólógbòó mekáníìkì, alàgbà nínú ìjọ wa. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi wo ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ mi." Wọ́n ní àwọn á yà nílé wa lọ́sàn-án. Ó wà lẹ́nu mi kí n sọ pé kí wọ́n má tú u, ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe máa kọ́ irú bàbá bẹ́ẹ̀ níṣẹ́ wọn? Mo fún wọn ní kọ́kọ́rọ́, mo bá ọ̀nà ibi iṣẹ́ lọ.

Nígbà tí mo dé lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, orí ẹ́ńjìnnì wà nílẹ̀ lórí àpò sìmẹ́ǹtì. Bàbá ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "O káàbọ̀," wọ́n ní. "O ní n bá ẹ wò ó, mo sì wò ó dáadáa. Ó ti ń ṣàìsàn tipẹ́, o ò mọ̀ ni."

Wíwò tí mo ní lọ́kàn, ti ojú ni. Wíwò tí bàbá gbọ́, ti aláìsàn ni. Ọ̀rọ̀ kan náà ló ti ẹnu mi jáde, kò sì sí bí mo ṣe lè dá a padà. Omi ń lé ròrò sí mi lójú, mo fẹ́ pariwo, mo fẹ́ jókòó sílẹ̀. Ohun tí mo rí sọ ni, "Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ẹ ṣeun gan-an, sà."

Wọ́n tò ó padà ní Ọjọ́bọ̀, wọ́n dọ́gbọ́n de kabúrétọ̀ ẹlẹ́nu méjì náà mọ́ ọn. Ọkọ̀ náà lágbára lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń dún kókókó bí ẹni ń fi ṣíbí gbá abọ́. Wọ́n ní ẹ́ńjìnnì á jókòó, ariwo á sì lọ, tó bá yá.

Ní Sátidé, mo lọ gbé bàbá mi ní ìdíkọ̀ Aduwawa. Mo ti kọ́ ẹ̀bẹ̀ tí mo máa bẹ̀ sórí. Láyé àná, láti inú pálọ̀ ni wọ́n ti ń mọ̀ tí nọ́ọ̀tì kan bá tú lára ọkọ̀ tó ń kọjá ní títì. Mo ṣáná sí ọkọ̀, ariwo sọ, àwọn tó ń tajà létí títì yíjú wò wá. Mo ń retí ìbínú wọn. A rìn díẹ̀, bàbá mi rọra fọwọ́ pa dáṣíbọ́ọ̀dù tó wà níwájú wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín.

"O ṣe é, ọmọ mi," wọ́n ní. "O ò jẹ́ kí wọ́n tú u. Wò ó, kò tiẹ̀ pariwo rárá."

Gbogbo ẹ̀bẹ̀ tí mo kọ́ sórí pòórá. "Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ni mo sọ.

Wọ́n na etí sí mi. "Kí lo wí?"

Mo ní láti pariwo kí wọ́n tó gbọ́. "Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà!"