Ẹ̀fọn Yàrá Ìyá Mi

Ní nǹkan bí ìgbà tí a fẹ́ gba òmìnira, àwọn ẹgbẹ́ mi ní Ọ̀fà ń wọ kakí lọ síbi iṣẹ́ réluwéè. Èmi, ẹ̀fọn ni mò ń kó. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín, iṣẹ́ gidi ni. Dókítà òyìnbó kan ló gbà mí. Ó fẹ́ mọ ìgbà tí kòkòrò ibà máa ń pọ̀ jù nínú ẹ̀fọn. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, a ó tẹ́ aṣọ funfun sínú yàrá, a ó tilẹ̀kùn, a ó fọ́n oògùn, ẹ̀fọn á sì máa já bọ́. Nígbà ọyẹ́, òfo la máa ń ká. Òjò ọ̀wààrà ni òyìnbó gbójú lé, ó sì ti kìlọ̀ fún mi pé bí ọwọ́ mi bá tún ṣófo nígbà náà, kí n wá iṣẹ́ mìíràn.

Nígbà tí òjò náà dé, mo bá mú un lọ sí yàrá ìyá mi. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ráhùn pé ẹ̀fọn fẹ́ gbé àwọn lọ sí Ìjàgbò, ìlú kejì sí wa. Mo kàn sọ fún wọn pé dókítà ń bọ̀ wá wo yàrá wọn. Kí ni ìyá wa kan á ṣe bí àlejò ńlá bá ń bọ̀? Wọ́n gbálẹ̀, wọ́n sá ẹní, wọ́n sun èèpo ọsàn gbígbẹ títí èéfín fi gba gbogbo yàrá. Eruku nìkan la ká nínú aṣọ funfun. Òyìnbó ní kí n bá òun kí wọn, pé yàrá wọn mọ́. Ìyá mi ń rẹ́rìn-ín, inú ń bí mi.

"Ìyá mi, ẹ̀fọn gan-an la wá wò."

"O ò sì sọ. Ta ní í fi ẹ̀fọn ṣe àlejò? Ẹ padà wá ní Jímọ̀."

Ní Jímọ̀, ẹ̀fọn bo aṣọ náà, ikùn wọn pọ́n, wọ́n ti yó. Òyìnbó bọ̀ mí lọ́wọ́. Ó yẹ̀ wọ́n wò lábẹ́ awò rẹ̀ tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá, ó ní kòkòrò ibà kún inú itọ́ wọn, àti pé iṣẹ́ kò ní bọ́ lọ́wọ́ mi mọ́. Inú mi dùn dẹ́yìn. Àfi bí mo ṣe rántí ẹ̀jẹ̀ tó wà níkùn ẹ̀fọn wọ̀nyẹn. Ta ló sùn sínú yàrá náà?

Mo ra oògùn ibà, ó di ilé. Ìyá mi jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń họ apá.

"Ṣé ẹ̀fọn náà tó? Mo ṣí fèrèsé sílẹ̀, n ò sì da aṣọ bora. Bí kò bá tó, n ó tún ṣí i lálẹ́ yìí."

Mo gbé oògùn lé wọn lọ́wọ́, mo wọlé, mo sì ti fèrèsé.