Àwọn Bọ́tìnnì Tó Bo Ojú Ìwé

Bí mo bá gbọ́ òórùn íńkì gbígbóná níbi tí wọ́n ti ń ṣe fọ́tòkọ́pì, títí dòní, inú a ti kọ́kọ́ bí mi kí n tó rántí ìdí rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi àtijọ́, obìnrin tí a ń pè ní Mọ́mì, ní àdúgbò Adébáyọ̀ ní Adó-Èkìtì ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Ìwọ náà mọ irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀: jẹnẹrétọ̀ ń pariwo lẹ́yìnkùlé, èéfín rẹ̀ ń gba ojú fèrèsé wọlé, àwọn ọlọ́kadà ń pe èrò Ìgèdè lẹ́nu ọ̀nà, ooru sì mú débi pé ẹ̀yìn aṣọ èèyàn á lẹ̀ mọ́ àga. Ìwé ètò ìsìnkú, ètò ìgbéyàwó àti ti ìsọmọlórúkọ là ń tẹ̀ níbẹ̀.

Àgùnbánirọ̀ kan tó ti sìnlú tán kí n tó dé ló ṣe fáìlì kan fún ọ̀gá, tẹ́mpléètì là ń pè é. Bí o bá ti ṣí Wọ́ọ̀dù tí a fi ń tẹ̀wé báyìí, fáìlì yìí á to ọ̀wọ́ bọ́tìnnì kan sókè ojú kọ̀ǹpútà: ọ̀kan fún ọnà etí ìwé, ọ̀kan fún àyè fọ́tò olóògbé, ọ̀kan fún orin, ọ̀kan fún àdúrà. O kàn máa fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ ni, iṣẹ́ ti dé ìdajì. Òun la fi ń ta àwọn ṣọ́ọ̀bù yòókù yọ, ọ̀gá sì ń ṣọ́ ọ bí ẹyin ojú. Orí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló wà, àwa méjì la sì jọ ń pín kọ̀ǹpútà yẹn lò.

Ẹnìkejì mi níbi iṣẹ́, obìnrin Ìjan kan ni. Kò sí ohun tí mo fẹ́ fi bò ó fún ọ: n kò fẹ́ràn rẹ̀. Mùsùlùmí ni mí, Ìwó ni bàbá mi ti wá tajà ní Adó kí wọ́n tó bí mi, ṣùgbọ́n àlejò lobìnrin yẹn máa ń pè mí. Bí a bá ti fa ọ̀rọ̀ díẹ̀, á ní kí n padà sí “ulé” bàbá mi, kí n lọ bá wọn tẹ̀wé níbẹ̀. Èmi náà kì í dákẹ́. Ẹnu mi mú, ìwọ náà mọ̀ mí. Ó tó oṣù mélòó kan tí a kò ti kí ara wa, tó jẹ́ ọ̀gá la ń gbà sọ̀rọ̀ bí ìyàwó àti ìyálé tó ń jà.

Àsìkò yẹn ni bọ́tìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀. A ṣí Wọ́ọ̀dù lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, ọ̀wọ́ kan ti di méjì. Kò pẹ́, ó di mẹ́ta, wọ́n tò léra wọn, wọ́n sì bá ara wọn mu délẹ̀délẹ̀. Bí o bá fẹ́ ti Wọ́ọ̀dù pa, á bẹ̀rẹ̀ sí í bi ọ́ bóyá kí òun tọ́jú àyípadà inú tẹ́mpléètì yìí, àti ti èyí, àti ti tọ̀hún. Nígbà tó yá, àwọn bọ́tìnnì ti gba ìdajì ojú kọ̀ǹpútà, ojú ìwé tí a ń tẹ̀ kò ju bí ojú fèrèsé kékeré lọ. Obìnrin Ìjan ní èmi ni. Mo ní òun ni. Ọ̀gá á wo èmi, á wo òun, á mi orí.

Ibi tó ti wá burú ni ti ìdílé Alájì kan. Bàbá wọn kú, wọ́n fẹ́ ìwé ètò àdúrà fidáù ọjọ́ kẹjọ, obìnrin Ìjan ló sì tẹ̀ ẹ́. Àkọ́bí olóògbé gbé gbogbo ìdì ìwé náà padà wá, ó sọ ọ́ lu kántà. Àgbélébùú ńlá ló wà lókè ìwé, lórí orúkọ bàbá Mùsùlùmí! Ọkùnrin náà kò pariwo. Ó ní ẹni tó ṣe èyí mọ ohun tó ń ṣe, òun á sì sọ fún gbogbo mọ́ṣáláṣí Adó. Obìnrin Ìjan ń búra pé òun kò rí i, nítorí bọ́tìnnì ti bo òkè ìwé, pé èmi ni mo dẹ pàkúté sílẹ̀ fún òun. Ọ̀gá ní tí ọ̀sẹ̀ bá fi máa parí, ẹnì kan nínú wa máa lọ.

Mo tètè dé ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kejì. Mo ti Wọ́ọ̀dù pa, mo wá inú fódà, ibi ìkófáìlìsí tí Wọ́ọ̀dù máa ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò bó bá ń ṣí. Ibẹ̀ ni mo ti bá wọn, tẹ́mpléètì kan náà pẹ̀lú orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Mo yọ ọ̀kan jáde, mo ṣí Wọ́ọ̀dù, ọ̀wọ́ bọ́tìnnì kan dín. Mo tún yọ òmíràn. Ọ̀kan nínú wọn, inú iṣẹ́ ìsìnkú oníṣọ́ọ̀ṣì kan ni wọ́n ti dà á kọ. Bí o bá tẹ bọ́tìnnì ọnà etí ìwé tirẹ̀, àgbélébùú á bá a wá. Ìdí abájọ! Inú mi dùn. Mo rò pé mo ti mú obìnrin yẹn.

Ọ̀gá wọlé, ó dúró lẹ́yìn mi, ó wò ó. “Èmi ni mo kó wọn síbẹ̀,” ó ní, wẹ́rẹ́ báyìí. Ó ní àgùnbánirọ̀ ti sọ fún òun pé ibẹ̀ ni fáìlì náà gbọ́dọ̀ wà, nítorí náà ibẹ̀ ló dá òun lójú jù. Nígbàkúùgbà tí àwa méjèèjì bá ti jà, ẹ̀rù á ba òun kí ẹnì kan máà fi ìbínú pa á rẹ́, òun á sì fi ọ̀kan kún un.

Mo ní, “Mọ́mì, ẹ sì ń wò wá níran?”

Ọ̀gá fa àga mọ́ mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní àwọn Alájì kò ní í padà wá àfi bí òun bá lé ẹnì kan, wọ́n sì ti mọ ẹni tó tẹ ìwé náà. “Ìwọ lo mọ iṣẹ́ jù. Jẹ́ kó lọ, kó o jókòó tì mí. Ìwọ náà ò ṣáà fẹ́ràn rẹ̀.”

Kò purọ́. Mo jókòó síbẹ̀, mo ń ro bí ṣọ́ọ̀bù á ṣe dákẹ́ tó láìsí ohùn obìnrin yẹn, ọ̀rọ̀ náà sì dùn mọ́ mi, mi ò ní parọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ rárá tí inú fi bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi. Mo mọ ẹ̀ṣẹ̀ tí mo kà sí i lọ́rùn. Èyí tó ṣẹ̀ mí ni mo fẹ́ fi ojú ara mi rí i kó jẹ̀bi rẹ̀. Ta ni ọ̀gá láti wá kó ẹ̀bi tirẹ̀ lé e lórí?

Obìnrin Ìjan wọlé, ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá bí ìṣe rẹ̀. Mo pe orúkọ rẹ̀. Ó dúró.

“Wá wò ó. Ọ̀gá ló kó wọn síbẹ̀. Kì í ṣe ìwọ, kì í ṣe èmi.”

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ojú kọ̀ǹpútà, ó wo ojú ọ̀gá. Ọ̀gá ní kí n gbé báàgì mi kí n máa lọ. Obìnrin Ìjan kò bá mi bẹ̀bẹ̀. Ohun tó bi mi ni pé, “Ṣé o ti yọ gbogbo wọn tán?” Mo ní mo ti yọ wọn tán, ojúlówó nìkan ló kù. Ó jókòó sórí àga tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kò sẹ́ni tó lè lé e mọ́, nítorí ó ti mọ̀ pé ọ̀gá ló jẹ̀bi, ó sì lè lọ sọ ọ́ fáwọn Alájì.

Ó ṣì wà níbẹ̀. Bí a bá pàdé ní Adébáyọ̀, á gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, èmi náà á gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì. Èèyàn máa ń rò pé ẹni tó bá ṣe òótọ́ fún ọ̀tá rẹ̀ á padà di ọ̀rẹ́ rẹ̀. Irọ́ ni. N kò fẹ́ràn obìnrin yẹn títí dòní, ó sì ní àwọn ohun tó ṣe fún mi tí n kò tíì dárí rẹ̀ jì í. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó mú kí n kórìíra rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló ṣe é.