Òsì Ni Mo Kọ́ Ẹ̀gbọ́n Mi

Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọmọ tí ń fi ẹsẹ̀ lásán lọ sí ilé ìwé ní Ìlútítun, èmi ni olùkọ́ ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi ti lé ní ọmọ ogún ọdún nígbà náà, irùngbọ̀n ti hù lágbọ̀n rẹ̀, èmi kò sì tíì pé ọmọ ọdún méjìlá. Ṣùgbọ́n èmi ni mo mọ̀wé nínú àwa méjèèjì, òun ló sì fẹ́ gba láísẹ́ǹsì awakọ̀. Ìwé pẹlẹbẹ kan wà tí wọ́n kọ òfin ojú ọ̀nà sí, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, ẹni tí yóò bá dúró níwájú olùdánwò gbọ́dọ̀ mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ta ni yóò kà á fún un? Bàbá wa kò kàwé. Ìyá wa, Bíbélì Yorùbá ni tirẹ̀, òun náà a sì máa fi ìka tọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà. Èmi nìkan ló kù.

Láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi ti fi ilé ìwé sílẹ̀ ní kékeré ló ti ń bá awakọ̀ kan kiri nínú bọ́lẹ́kájà tí ń kó epo àti pupuru tí a fi ẹ̀gẹ́ ṣe láti ilẹ̀ wa lọ sí Òrè. Ara Òde-Ayé ló ni ọkọ̀ náà. Ojú awakọ̀ àgbà yẹn ti ń ṣú, ọlọ́kọ̀ sì ti sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé ọjọ́ tó bá gba láísẹ́ǹsì ni ọkọ̀ bọ́ sí i lọ́wọ́. Ó ti mọ̀ ọ́n wà. Ìdánwò ló kù.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kánjú lónìí, ẹ kò mọ ohun tí à ń pè ní ìdúródè. Olùdánwò kì í gbé ọ̀dọ̀ wa. Ọ̀nà jíjìn ló ti ń wá sí Òkìtìpupa, ìgbà tó bá sì rọ̀ ọ́ lọ́rùn ló ń wá. Ní ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi lọ, òjò ti gé ọ̀nà, olùdánwò kò lè kọjá. Ní ìgbà kejì, wọ́n dúró láti ìdájí títí oòrùn fi yẹ̀ àtàrí, gbogbo wọn nínú ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lọ̀, tí wọ́n jókòó síbi òjìji ọkọ̀ ọ̀gá wọn, kí wọ́n tó gbọ́ pé mọ́tò olùdánwò fúnra rẹ̀ ló bàjẹ́ lọ́nà. Ẹ̀gbọ́n mi padà wálé, ó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀, ó fi í kọ́ ìṣó, ó ní, "Ó tún di ìgbà mìíràn."

Àárín ìgbà náà ni mo ṣe iṣẹ́ mi. Ẹ rántí pé ọwọ́ òsì ni mọ́tò ń gbà ní gbogbo Nàìjíríà nígbà náà, bí ti àwọn òyìnbó tó kó ọ̀nà wá bá wa. Ọ̀nà odò wà lẹ́yìn ilé wa, igi ọ̀pẹ wà lọ́tùn-ún lósì. Mo máa ń gbé àwo tánganran ìyá wa lé ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́ kó fi ṣe ìdarí ọkọ̀, kó máa wa ara rẹ̀ lọ níwájú, kí n máa tẹ̀ lé e. Èdè Ìkálẹ̀ ni à ń sọ nílé, ṣùgbọ́n tí mo bá ti di olùdánwò, Yorùbá ilé ìwé ni mo ń sọ, mo tún máa ń fi imú sọ ọ́ bí ọ̀gá ilé ìwé wa. N óò pariwo lójijì pé, "Ọ̀gbẹ́ni awakọ̀! Mọ́tò ń bọ̀! Ọwọ́ wo?" Kò gbọdọ̀ ronú. Ó gbọ́dọ̀ fò sí òsì, kó sì dáhùn pé, "Òsì!" Tó bá lọ́ra, mo ní ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ tí mo fi ń na ẹsẹ̀ rẹ̀.

Nígbà tó yá, mi ò dúró de àwo mọ́. Mo máa ń ká a mọ́ ibi tó bá wà. Bó bá ń gé igi, mo ti dé ẹ̀yìn rẹ̀: "Mọ́tò ń bọ̀!" Bó bá ń fọ ẹnu láàárọ̀, mo ti dé. Ọjọ́ kan ó ń jẹun lọ́wọ́, mo pariwo, ó sì fò kúrò lórí àpótí sí òsì tòun ti òkèlè lẹ́nu. Ìyá wa ní, "Ọmọ yìí, fi ẹ̀gbọ́n rẹ sílẹ̀ kó jẹun!" Ẹ̀gbọ́n mi ní kí wọ́n má bá mi wí, pé olùkọ́ òun ni mí. Inú mi dùn débi pé mo lọ fi ṣe fáàrí nílé ìwé. Ó ju ọdún kan lọ tí a fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ó dé ibi tí kì í ṣe orí rẹ̀ ló ń dá mi lóhùn mọ́, ara rẹ̀ ni.

Àfi bí rédíò ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kéde pé ìjọba fẹ́ yí ọ̀nà padà, pé gbogbo mọ́tò yóò kúrò ní ọwọ́ òsì bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún ní ọjọ́ kan náà. Ẹ̀rù ba gbogbo ayé. Wọ́n ní òkú yóò sùn lọ rẹrẹẹrẹ lójú ọ̀nà. Ìjọ aláṣọ funfun tí ìyá wa ń lọ gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Ìgbà kẹta tí olùdánwò sì wá sí Òkìtìpupa nìyẹn. Ó wá lóòótọ́, ó to àwọn tó ń dúró dè é, ó ní òun kò ní dán ẹnikẹ́ni wò títí ọ̀nà yóò fi yí, kí kálukú máa lọ sílé. Ẹ̀gbọ́n mi dé, ó lọ jókòó ti ìyá wa níbi tí wọ́n ti ń yan pupuru lórí iná. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní èéfín ni.

Ọjọ́ náà pé, ọ̀nà yí. Mọ́tò ń rá bí ìgbín, àwa ọmọdé dúró lẹ́bàá títì láti wo òkú tí wọ́n ṣèlérí fún wa. Ẹnikẹ́ni kò kú ní agbègbè wa ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn. A fi ìbẹ̀rù ara wa ṣe yẹ̀yẹ́.

Ó wá kù kí n kọ́ ẹ̀gbọ́n mi ní ọ̀tún. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ ibẹ̀: eré náà ti sú mi. Èmi náà ní ìdánwò tèmi tí mo fẹ́ fi wọ ilé ìwé gíga. Ìrọ̀lẹ́ mélòó kan péré ni mo fi kọ́ ọ, àwa méjèèjì jókòó, ìwé wà lọ́wọ́ mi, n kò pariwo, n kò mú ìgbálẹ̀. Mo bi í pé ọwọ́ wo, ó ní ọ̀tún. Ó gbà á ní gbogbo ìgbà. Mo pa ìwé dé. Láàárín ìyẹn ni ọlọ́kọ̀ ránṣẹ́ pé bí ẹ̀gbọ́n mi kò bá rí i gbà lọ́tẹ̀ yìí, òun yóò gbé ọkọ̀ fún àna òun tó ti ní láísẹ́ǹsì tẹ́lẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìdánwò, ẹ̀gbọ́n mi ń ti odò bọ̀, ó ru garawa omi. Mo sá pamọ́ sẹ́yìn igi ọ̀pẹ. Nígbà tó kọjá mi, mo pariwo, "Mọ́tò ń bọ̀!" Ó fò sí òsì. Garawa já lulẹ̀. Ó sì dáhùn ketekete pé, "Òsì!"

A wo ara wa. Omi ń ṣàn láàárín ẹsẹ̀ wa. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ó wá sún mọ́ mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, "Àbúrò mi, jọ̀ọ́, má sọ fún Bàbá." Bàbá wa kò fẹ́ràn mọ́tò. Bó bá gbọ́, yóò ní kó jókòó sílé títí ara rẹ̀ yóò fi gbàgbé ti tẹ́lẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ìwọ lo dẹ́rù bà mí. Bí mo bá wà nídìí ọkọ̀, ojú mi á wà lọ́nà." Mo mọ bó ti dúró pẹ́ tó. Mo ṣèlérí fún un.

Ó yege. Olùdánwò ní kó wakọ̀ lọ tààrà, kó fi ẹ̀yìn wà á láàárín garawa méjì, ó bi í ní ìbéèrè díẹ̀, ó sì fọwọ́ síwèé. Láti ìkángun ìlú la ti ń gbọ́ fèrè ọkọ̀ rẹ̀. Ìyá wa jó. Ẹ̀gbọ́n mi gbé mi síwájú ọkọ̀, ó wà á dé oríta Òde-Ayé, gbogbo ọ̀nà ni mo fi ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ọ̀tún ló ń gbà, kò yẹsẹ̀. Ọkàn mi balẹ̀.

Ìgbà ọyẹ́ ló ṣẹlẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí kùrukùru bo ilẹ̀, ní kọ́nà kan lẹ́yìn Igbótako, ọkọ̀ agégẹdú yọ sí i lójijì. Ọkọ̀ agégẹdú wà ní apá tirẹ̀. Àwọn tó lọ wo ojú ibẹ̀ ní àyè pọ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi lápá ọ̀tún, pé ọkọ̀ méjì bíi tirẹ̀ ìbá kọjá. Kò gba ibẹ̀. Ìdí ìdarí ọkọ̀ náà ni wọ́n ti gbé òkú rẹ̀.

Ìyá oníṣòwò ẹja kan jókòó tì í níwájú lọ́jọ́ náà. Ilẹ̀kùn já, ó sọ obìnrin náà sínú igbó, apá rẹ̀ ló dá. Ní ọjọ́ kẹjọ ó wá kí ìyá wa, ó fi aṣọ so apá rẹ̀ kọ́ ọrùn. Èmi ni mo gbé omi wá fún un. Ó ní, "Ọmọ yín ò pariwo o. Kò pe Jésù, kò pe ìyá rẹ̀. Ó kàn sọ pé 'Òsì,' ketekete, bí ọmọ ilé ìwé tí tíṣà bi ní ìbéèrè. Mi ò mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀."

Bàbá wa ní oorun ló ń kùn ún. Àwọn ará ìjọ ní ó rí ohun tí ojú lásán kò rí. Ìyá wa gbé ìbéèrè yẹn dání títí ọjọ́ ogbó rẹ̀. Nígbà tó dùbúlẹ̀ àìsàn tó fi lọ, ó tún bi mí pé, "Ta ni ọmọ mi ń dá lóhùn?" Mo fọwọ́ nu ojú rẹ̀. N kò lè sọ ọ́. Èmi ni. Èmi ló ń dá lóhùn.

N kò wakọ̀ rí láyé mi. Mo di tíṣà, mo kọ́ ọmọ ọlọ́mọ títí mo fi fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n wò, n kò fi ariwo kọ́ ẹnikẹ́ni ní ohunkóhun.

Ayé ti yàtọ̀. Ọkàdà ló kún Ìlútítun báyìí, bọ́lẹ́kájà ti di ìtàn, àwọn tó ń rántí ìgbà tí mọ́tò ń gba ọwọ́ òsì kò sì pọ̀ mọ́. Ọmọ ọmọ mi kan fẹ́ gba láísẹ́ǹsì lọ́dún yìí. Orí fóònù ló ti ń kọ́ òfin ojú ọ̀nà, ó ń fi ìka tẹ ìdáhùn, fóònù á sì sọ fún un pé ó gbà á. Ó gbé e wá bá mi pé, "Màmá, ẹ bi mí ní ìbéèrè." Mo ní ojú ń dùn mí.

Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ó ń lọ níwájú mi nínú ọgbà, ojú rẹ̀ wà nínú fóònù. N kò mọ ohun tó gbé mi dé ẹ̀yìn rẹ̀. Mo gbọ́ tí mo pariwo, pẹ̀lú ohùn ọmọ ọdún méjìlá: "Mọ́tò ń bọ̀!"

Ọmọ náà kò fò. Ó kàn yíjú padà, ó ń wò mí, ó ní, "Màmá, mọ́tò wo?"

Ẹsẹ̀ tèmi nìkan ló sún. Òsì ló sún sí.