Fèrèsé Ilé Òdìkejì

Láràárọ̀ ni mo máa ń gbọ́ kí fèrèsé onípákó obìnrin tó ń gbé òdìkejì wa ní Ìkọ̀lé dún gbà, ó sì máa ń ká mi lára.

Nígbà tí wọ́n ti yunifásítì pa, tí akẹ́kọ̀ọ́ kó lọ, gbogbo àwa onílé tí à ń fi yàrá háyà fún wọn la ti yàrá wa pa. Òun nìkan ló ń ṣí fèrèsé yàrá òfìfo, tó ń gbá wọn. Mo ní ta ló ń gbálẹ̀ dè.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ulé kò gbọdọ̀ dákẹ́."

Mo rẹ́rìn-ín títí.

Bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti wọlé padà, ilé rẹ̀ kún. Tèmi ńkọ́, tí mo tẹ́ táìlì sí, tí mo fa omi ẹ̀rọ sí? Wọ́n á wá pọn omi mi, wọ́n á dúpẹ́, wọ́n á sì lọ sùn lọ́dọ̀ rẹ̀. Á máa pè wọ́n lórúkọ, á ní ṣé wọ́n ti jẹun. Onílé ni àbí ìyá wọn?

Nígbà tó yá, ọmọbìnrin kan ru fóòmù wá bá mi. Mo gbóhùn sókè kí obìnrin òdìkejì lè gbọ́: "Ojú rẹ ríran, ọmọ mi! Ta ló júwe ilé gidi fún ọ?"

Ó nawọ́ sí òdìkejì. "Màmá yẹn ni, sà. Wọ́n ní ilé tiwọn ti kún, àti pé tiyín ló dára jù ládùúgbò yìí."

Ẹni tí mo fẹ́ kó gbọ́ ti gbọ́. Ó ti yọjú lójú fèrèsé, ó ń juwọ́ sí mi.