Ẹ̀jẹ̀ tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì

Ẹ má bínú pé èmi, akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì ọdún àkọ́kọ́, la ẹnu sọ̀rọ̀.

Ní ilé ìgbẹ̀bí kan ní àdúgbò Abobo, nílẹ̀ elédè Faransé níbí, lónìí, ìyá ọkọ ìyá ìkókó kan ń yọ aṣọ ẹlẹ́jẹ̀ kúrò lábẹ́ obìnrin náà, ó ń fi wọ́n pamọ́ sínú bàsíà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì nítorí ìtìjú.

"Màmá, ẹ jẹ́ n wò ó."

"Ṣé ìwọ ti bímọ rí ni?"

Ètè ìyá ìkókó náà ti funfun. Mo fa bàsíà jáde, mo ké pe agbẹ̀bí. Ó sáré tọ́jú rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ dá.

Ìyá ọkọ sọ fún agbẹ̀bí pé: "Ọlọ́run á san án fún yín, tantie, àǹtí wa."

Agbẹ̀bí fà mí sẹ́yìn ilẹ̀kùn: "Stagiaire, ìwọ akẹ́kọ̀ọ́ lásán, ṣé o fẹ́ kí dókítà mọ̀ pé mi ò wò ó láti àárọ̀ ni? Lọ fọ aṣọ yẹn!"

Mo fọ̀ ọ́.

Ṣé ó yẹ kí n ti dákẹ́ ni? Ẹ dá mi lóhùn, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pín in. Wọ́n á lé mi kúrò níbi ìkọ́ṣẹ́.