Bí Seth Ṣe Wó Igi Bàbá Ìyàwó Rẹ̀

Bàbá mi ò gba ọkọ ẹ̀gbọ́n mi gbọ́, ọ̀rọ̀ náà sì ń dun ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ju orúnkún rẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti la orúnkún ọ̀hún.

Seth ni orúkọ rẹ̀, ọmọ erékùṣù Antigua. Ilé ìkẹ́rùsí ńlá kan ní McDonough, lẹ́bàá Atlanta, ló ti ń wa fọ́ọ̀kílífìtì báyìí. Ṣùgbọ́n kó tó di pé ó ń gbé páálí kiri, kíríkẹ́ẹ̀tì ló ń gbá, West Indies, ẹgbẹ́ gbogbo erékùṣù wọn, ló sì ń gbá a fún. Bọ́là ni wọ́n ń pe irú rẹ̀: iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó sáré wá láti òkèèrè, kó ju bọ́ọ̀lù, kó fi wó igi mẹ́ta tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ sẹ́yìn ẹni tó mú báàtì dání. Wọ́n ní àwọn mìíràn kì í rí bọ́ọ̀lù rẹ̀ rárá, ìró igi nìkan ni wọ́n ń gbọ́.

Etí òkun ló ti kọ́ ọ, igi imọ̀ àgbọn ni wọ́n fi ṣe báàtì. Nígbà tó pé ọmọ ọdún mọ́kànlélógún, West Indies ránṣẹ́ pè é. Ó bá wọn dé England, ó bá wọn dé India. Òtútù àti ata ni ohun tó ní òun rántí jù níbẹ̀. Ìdíje ńlá méje ló gbá já. Nínú ìkẹjọ, bó ṣe fẹsẹ̀ tẹlẹ̀ báyìí, orúnkún ọ̀tún dún pọ́ọ̀! Ó parí.

Àbúrò rẹ̀ tó wà ní Atlanta ní kó wá tọ́jú ara. Ilé ìwòsàn ló ti pàdé Kẹ́mi, ẹ̀gbọ́n mi, nọ́ọ̀sì tó ń kọ́ ọ ní ìrìn bí ọmọ ọwọ́. Kẹ́mi ní kó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó gbé e. Ó ní kó gbé tòsì, ó gbé e. Ó ní kó fẹ́ òun, ó fẹ́ ẹ. Kẹ́mi ní irọ́ ni, òun kọ́ lòun kọ́kọ́ sọ ọ́, ṣùgbọ́n gbogbo wa la mọ Kẹ́mi. Láàárín ọdún mẹ́jọ, iyán rẹ̀ ti sọ Seth di ẹni méjì.

Iyán yìí ló dá wàhálà sílẹ̀. Nígbà tí Bàbá wá kí wa láti Ìbàdàn, wọ́n ní káwọn rí ẹ̀rí pé ẹni tó sanra báyìí gbá fún West Indies rí. Ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, wọ́n sì gbá kíríkẹ́ẹ̀tì nílé ìwé, nítorí náà kò sẹ́ni tó lè kọ́ wọn. Ìjì líle ti gbé òrùlé ilé ìyá Seth lọ tòun ti fọ́tò rẹ̀ gbogbo. Kẹ́mi bá ṣí íńtánẹ́ẹ̀tì. Bàbá wo fóònù, wọ́n wo Seth, wọ́n tún wo fóònù.

“Ẹni tó tín-ín-rín rèé,” wọ́n ní. “Ṣé ọkọ rẹ jẹ ẹ́ ni?”

Láti ọjọ́ náà, “Ọ̀gbẹ́ni Fọ́ọ̀kílífìtì” ni wọ́n ń pè é, àní ní ṣọ́ọ̀ṣì. Seth máa ń bá wa rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mo bá a nínú gáréèjì wọn ní Snellville lọ́jọ́ kan, ó mú bọ́ọ̀lù dání, kò ṣe nǹkan kan. “Ọláníyì,” ó ní, “I just want him to believe me. Kí wọ́n tó lọ.” Inú bí mi sí bàbá mi lọ́jọ́ náà, mo sọ ọ́ láìfi bò.

Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí Bàbá padà sílé ni àwọn ọkùnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ ṣe píkíníìkì ní Loganville. Àwọn ará ibi iṣẹ́ Seth tó bá wa lọ gbé báàtì àti igi mẹ́ta wá, pẹ̀lú bọ́ọ̀lù tẹ́níìsì tí wọ́n fi téèpù wé, kó má baà ṣe ẹnikẹ́ni léṣe. Bàbá já báàtì gbà.

“Ọ̀gbẹ́ni Fọ́ọ̀kílífìtì, jù ú wá ká rí i!”

Seth fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ti ń làágùn. Kẹ́mi ti kọ́ ọ pé a kì í kojú àna ẹni. “He’s my father-in-law. How can I?”

“Uncle Seth, ẹ kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ fún wọn, then ẹ jù ú. Ẹ má dẹ̀ jù ú pẹ̀lẹ́ o!”

Ẹ̀ẹ̀kan ni mo ní lọ́kàn. Mi ò mọ̀ pé ọmọ Antigua máa sọ ọ́ di òfin.

Seth lọ bá Bàbá, ó na tán gbalaja, àyà lu koríko. Ó dìde, ó ka ogún ẹsẹ̀ sẹ́yìn, ó yíjú padà, ó sì gbéra. Orúnkún ń ké, ikùn ń jó, ṣùgbọ́n ọwọ́ yẹn ò tíì gbàgbé iṣẹ́. Igi àárín fò lọ bá Díákónì Akín lẹ́sẹ̀.

“Mi ò tíì múra,” Bàbá wí.

A to igi padà. Seth tún lọ dọ̀bálẹ̀, ó tún padà sẹ́yìn, ó tún sáré wá. Bọ́ọ̀lù ti wó igi kí Bàbá tó gbé báàtì.

“Oòrùn wọ̀ mí lójú.” Ẹ̀yìn wọn ni oòrùn wà.

Nígbà tí Seth dọ̀bálẹ̀ ẹlẹ́ẹ̀kẹta, Bàbá gbọ́n ọgbọ́n àgbà. Wọ́n gbé ọwọ́ lé e lórí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í súre: wàá rí jẹ, wàá rí mu, ẹsẹ̀ rẹ kò ní kọ, o ò ní ṣàgbákò. Wọ́n súre títí dórí àwọn ọmọ tí a kò tíì bí, kí orúnkún lè gan mọ́lẹ̀. Ta ló jẹ́ dìde kí àgbà tó súre tán? Seth ń ṣe “Àmín, àmín” sínú koríko. Nígbà tí àdúrà tán, èèyàn méjì ló fà á dìde. Ó tiro padà, ó tiro títí ó fi di eré.

Igi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló wó.

Bàbá ń wo ilẹ̀ òfìfo. Seth ti tún ń bọ̀ wá dọ̀bálẹ̀, wọ́n nawọ́ dá a dúró, wọ́n fa fóònù yọ, wọ́n pe ọ̀rẹ́ wọn tí wọ́n jọ gbá kíríkẹ́ẹ̀tì nílé ìwé.

“Israel! O ń gbọ́ mi? Ọkọ Kẹ́mi, tó gbá fún West Indies, ti wó igi mi o! … Ẹ̀ẹ̀kan kẹ̀? Ẹ̀ẹ̀mẹta! Èèyàn gidi wo ló wó tìẹ rí?”

Seth jókòó sórí koríko, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. Bàbá na fóònù sí i.

“Bọ́là, dìde. Wá kí Israel, kò gbà mí gbọ́.”